Oko Orí Ènìyàn Lórí Òkè Olómi

Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wú u tán nísinsìnyí. Ẹni tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, kí ó fi ọmú sí i lẹ́nu. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò fẹ́ gbọ́ ohùn mìíràn mọ́ àfi tèmi, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi etí kan gbọ́. Èmi ni Ọdẹ́níran, ọmọ Akíngbadé tó fi ọwọ́ lásán lọ́ ẹkùn lọ́rùn létí odò. Ìbọn mi kì í ké lẹ́ẹ̀mejì sí ẹran kan. Bí ẹfọ̀n bá gbọ́ ikọ́ mi, a tu koríko ẹnu rẹ̀ dànù, a sá. Igbó tí àwọn ọdẹ mìíràn ń dúró lẹ́bàá rẹ̀ kí wọ́n tó júbà, èmi ti sùn nínú rẹ̀, mo ti hanrun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí mi létí àbàtà kékeré kan, tí omi rẹ̀ kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, tí mo ń fi ẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, yóò sá.

Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú wa, Ìdí-Àpáta, tí à ń pè ní Òkè Olómi. Àwọn òkè yòókù tí ẹ mọ̀, bí ènìyàn bá gùn wọ́n dé orí, àpáta gbígbẹ ni yóò bá níbẹ̀, àti alángbá tó ń yá oòrùn. Ti Olómi kò rí bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ tẹ́ lọ salalu, ó sì jinnú láàárín bí àwo. Omi òjò tó rọ̀ nígbà ayé àwọn baba ńlá wa ló dúró síbẹ̀ tí kò rí ibi ṣàn sí. Koríko hù lórí omi náà, koríko jẹrà di ẹrẹ̀, koríko mìíràn tún hù lórí ẹrẹ̀, títí tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà mọ́. Igi kan kò sí níbẹ̀. Ẹyẹ kì í bà síbẹ̀. Òkè yìí ni Látúndé gùn. Látúndé ni ọkọ àbúrò mi obìnrin, ọdẹ bíi tèmi, ọ̀rẹ́ tí mo lè fún ní ìbọn tó kún kí n sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ó yìnbọn fún ẹfọ̀n kan ní ẹsẹ̀ òkè, ẹfọ̀n náà gbé ọta sára, ó gun òkè lọ, Látúndé sì tọ ojú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. A retí rẹ̀ títí ọ̀nà fi sú ojú wa. Kò bọ̀.

Abíọ́nà, àbúrò mi, ẹni tí ìyá wa bí sójú ọ̀nà oko, tí kò sì tíì jókòó jẹ́ẹ́ láti ọjọ́ náà, wá bá mi níbi tí mo ti ń sá ẹ̀tù ìbọn sóòrùn. Ó ti fi ọ̀já di ìdí gírígírí, ó gbé ọ̀kọ̀ Látúndé lọ́wọ́, àdá sì wà ní ìbàdí rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde."

Mo ní, "Níbo là ń lọ?"

"Ibi tí ọkọ mi wà."

"Abíọ́nà, obìnrin kì í gun òkè yẹn."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ọkùnrin tó gùn ún dà? Àbí òkè náà máa ń yẹ abẹ́ aṣọ ènìyàn wò kí ó tó gbé e mì ni?"

Láti kékeré, nígbà tí a máa ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja lódò, ẹja tirẹ̀ ló máa ń pọ̀ ju tèmi lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀kọ̀ náà. Mo gbé ìbọn, mo mú ọ̀pá, mo fi ọ̀bẹ sínú àkọ̀, mo súfèé pe ajá mi, Ẹ̀yìnlàárò, a sì gbéra.

N kò ní fi gígun òkè dá yín dúró. Òkúta ni, a gùn ún, èékánná wa ya. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé orí rẹ̀. Nígbà tí a yọ orí síbẹ̀, kùrukùru funfun bò wá lójú, òtútù sì wọ inú egungun wa bí ẹni pé ó ti ń retí wa. Ojú ò rí ju ibi tí ènìyàn lè sọ òkúta dé lọ. Gbogbo ilẹ̀ náà rọ̀ wọ̀ọ̀. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ tẹ ibi kan, ibi tó jìnnà sí mi a mì tìtì bí ikùn ẹni tó mu ọtí yó, yóò sì kérora hùn-ùn bí aláìsàn. Bí a ṣe ń fa ẹsẹ̀ kan yọ ni èkejì ń rì. Ibì kan wà níwájú tí koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tó tẹ́jú, tó ń dán, bí ibi tí ìyàwó tuntun gbá. Ajá mi rí i, inú rẹ̀ dùn, ó sáré lọ síbẹ̀. Ó gbó lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó fi máa gbó ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹrẹ̀ ti kún ẹnu rẹ̀. Mo dojú bolẹ̀, mo na ọ̀pá mi sí i, ó fi eyín mú un, mo ń fà. Ohun kan wà nísàlẹ̀ tí ń fà jù mí lọ. Lójijì ọ̀pá náà fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo fà á jáde, ìlàjì rẹ̀ ni mo rí, ojú eyín tó wà lára rẹ̀ sì tóbi ju ti ajá. Ẹ̀jẹ̀ hó sókè lẹ́ẹ̀kan, koríko padé lórí rẹ̀, ó sì tún tutù yọ̀yọ̀.

Abíọ́nà gbá mi lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ má sunkún síbí. Omi tó wà níbí ti tó."

Bí a ṣe fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ohùn kan dún láti òkè orí wa, ó ní, "Ta ló ń tẹ òrùlé olúwa mi láìkágò?" A gbójú sókè. Èmi Ọdẹ́níran ti rí iwin, mo ti rí ọ̀rọ̀ inú ìrókò, ṣùgbọ́n n kò tíì rí irú èyí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gùn bí ọparun, wọ́n sì tínínrín bí ọparun, wọ́n dúró lórí ẹrẹ̀ láìrì. Ara rẹ̀ lókè kò ju ti ewúrẹ́ lọ, ọrùn rẹ̀ bí ti ẹyẹ àkọ̀, ojú ènìyàn ló sì wà lórí ọrùn náà, ojú arúgbó tí ebi ti pa títí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé nínú ẹnu. Ó ní Atẹrẹ̀márì ni orúkọ òun, òun sì ni ìránṣẹ́ Gbéémì, olóko orí òkè. Ó ní kò sí ẹni tí ń kọjá àfi ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè òun.

Ó ní, "Kí ló jókòó sójú kan, tó ń jẹ gbogbo ẹni tó bá ń rìn?"

Mo ní, "Ibojì ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń lu ara wọn gbà-gbà. Ó ní, "Ibojì kì í jẹ ẹni tó ń rìn. Ẹni tí a bá gbé wá ni ó ń jẹ."

Abíọ́nà ní, "Ẹrẹ̀ tí a dúró lé yìí ni. Èmi náà ní ìbéèrè tèmi: kí ló ga ju gbogbo ilé lọ, tó ń ṣọ́ oko olóko, tí ebi sì ń pa kú lọ?"

Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó tẹ ọrùn sílẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kan tiwa, òórùn ẹnu rẹ̀ sì dà bí ti kànga tí òkú bọ́ sí. Ó ní, "Obìnrin yìí, o ti fọwọ́ kan egbò mi. Orí ni olúwa mi ń jẹ. Ó ń lá wọn lójoojúmọ́, ó ń sanra, kò sì já etí lásán fún mi rí. Bí ẹ bá fún mi ní etí kan, etí ọdẹ, èyí tó ti gbọ́ ohùn gbogbo ẹranko, n óò fi ibi tí ẹ óò máa tẹ̀ hàn yín."

Abíọ́nà ti ń tú gèlè rẹ̀ kí ó lè fi etí tirẹ̀ sílẹ̀. Mo tì í sẹ́yìn. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo yọ ọ̀bẹ, mo fi ọwọ́ òsì di etí òsì mú, mo gé e. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní apá òsì mi ti ń wò ó láti àárọ̀, ojú ń tì yín láti béèrè. Ẹ̀yin ti apá ọ̀tún, ẹ dìde kí ẹ wá wò ó. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀jẹ̀ dà sí mi léjìká bí omi gbígbóná, òkè náà sì yí pẹ̀lú mi. Atẹrẹ̀márì gba etí náà, ó rún un wómúwómú bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ fún adùn. Ó ní, "Ibi tó bá tutù yọ̀yọ̀, ikú ni. Ibi tí koríko bá ti pọ́n, tó le, tó dúró bí irun orí arúgbó, ibẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀." Ìwà ayé náà nìyẹn, ẹ̀yin èwe. Ibi tó dán kọ́ ló ń gba ẹsẹ̀ dúró.

A ń fò láti ìdì koríko kan dé òmíràn títí a fi dé àárín òkè náà, níbi tí a ti bá oko. Wọ́n kọ ebè lẹ́sẹẹsẹ bí ebè iṣu, ó mọ́, kò sí èpò kan níbẹ̀. Lórí ebè kọ̀ọ̀kan, orí ènìyàn kan ló wà níbẹ̀, láti àgbọ̀n sókè. Wọn kì í ṣe òkú. Ojú wọn ń yí. Ọkùnrin wà níbẹ̀ tó kọ ilà ìlú tí n kò mọ̀, alárobọ̀ obìnrin wà níbẹ̀ tí òṣùká ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹfọ̀n tí Látúndé ta níbọn náà wà níbẹ̀, ó ti rì dé imú, ìwo rẹ̀ ló yọ síta. Lẹ́bàá ìwo náà, Látúndé wà.

Ó ní, "Abíọ́nà? Ṣé ìwọ nìyẹn, àbí ẹrẹ̀ tún ń fi ojú mi ṣeré?"

Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa ẹrẹ̀ bí adìẹ tó ń tan ilẹ̀.

Látúndé ní, "Má wà á. Mo bẹ̀ ọ́, má wà á. Kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ mọ́."

Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ àgbọ̀n ọkọ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ náà kan ohun tó kàn. Èmi náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọrùn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọrùn, kò sí èjìká, kò sí àyà. Gbòǹgbò ni, ó tutù, ó sì ń yọ̀, ó wọ ilẹ̀ lọ.

Látúndé sọ fún wa pé ẹ̀mí Gbéémì ló ń gba inú gbòǹgbò náà wá sí ẹnu àwọn. Bó bá kú, gbogbo àwọn yóò kú bí iná fìtílà. Bí kò bá kú, àwọn yóò máa wà bẹ́ẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yóò máa bó àwọn lórí lójoojúmọ́ títí tí agbárí yóò fi gbẹ. Mo ní, "Nígbà náà a kò ní pa á. A óò wá nǹkan ṣe." Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí gbogbo orí inú oko náà fi ké lẹ́ẹ̀kan, àgbà, èwe, ọkùnrin, obìnrin, "Ẹ pa á! Ẹ pa á!" Alárobọ̀ náà ń sunkún, ó ní kí a ṣàánú òun. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Látúndé wo ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀tù yín ti tutù, ìbọn kò wúlò. Ara rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀, irin kò ràn án. Ṣùgbọ́n bó bá lanu, ohun pupa kan ń sọ kúlúkúlú ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ibẹ̀ ni. Ọ̀kọ̀ mi kì í tàsé. Má jẹ́ kí ó tàsé lọ́wọ́ rẹ."

Abíọ́nà ní, "Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́." Ó fi igun ìró rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lójú ọkọ rẹ̀, ó nu ún dáadáa, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ìwo ẹfọ̀n.

Ebè kan ṣófo lẹ́bàá Látúndé. Èmi ni mo wọ inú rẹ̀, kí n lè tan Gbéémì lanu. Mo rì dé àgbọ̀n, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi lábẹ́ ẹrẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, òtútù yẹn kò ṣeé sọ. Àwọn ohun wẹ́wẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí tọ́ ìka ẹsẹ̀ mi wò, bí ẹja ṣe ń tọ́ ìjẹ wò. Èmi tí mo sùn nínú igbó ẹ̀rù, mo tọ̀ sára, mo sì dúpẹ́ pé inú ẹrẹ̀ ni mo wà tí ẹnikẹ́ni kò rí i.

Oòrùn dé àtàrí, kùrukùru là, Gbéémì sì dìde. Ilẹ̀ ló wú, ó ga bí ilé, koríko hù lẹ́yìn rẹ̀ bí irun, ẹrẹ̀ ń ya bọ́ lára rẹ̀ gbàù-gbàù. Kò ní ojú. Ẹnu ló ní, ẹnu tó fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà ààfin, ahọ́n rẹ̀ sì gùn, ó rí ṣakaṣaka bí ewé eépín. Ó ń lá orí lọ láti ebè dé ebè, àwọn tó ń lá ń ké. Ó lá Látúndé, awọ orí bá ahọ́n lọ. Ó wá kàn mí. Irun mi ya, ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú. Ahọ́n náà dúró.

Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo gbin èyí."

Mo ní, "Lálẹ̀ hù ni mí, bàbá. Oko tó bá dára, nǹkan a máa hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Orí wo ló ní etí kan?"

"Èyí tí ìránṣẹ́ yín ti kọ́kọ́ tọ́ wò ni. Ó ní adùn rẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ fún ọ̀gá."

Ìbínú gbé e. Ó ya ẹnu láti ké pe Atẹrẹ̀márì, mo sì rí ohun pupa náà bí ọkàn màlúù tó ń sọ. Mo yọ ọwọ́ méjèèjì nínú ẹrẹ̀, mo di ahọ́n náà mú, mo gún ọ̀bẹ wọ inú rẹ̀ dé èèkù, mo sì so ara mi rọ̀ mọ́ ọn. Ó fà mí jáde nínú ebè bí ẹni fa iṣu, ó ń fì mí kiri, ó fi mí na ilẹ̀, egungun ìhà mi ṣẹ́ kẹ́kẹ́. Abíọ́nà ti gun orí ẹfọ̀n, ó ti ibẹ̀ fò, ó ju ọ̀kọ̀. Ọ̀kọ̀ náà wọ èrìgì, kò dé ọ̀fun! Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n àbúrò mi kò dúró. Ó sáré gba orí ahọ́n náà wọ inú ẹnu, ó fa ọ̀kọ̀ yọ nínú èrìgì, eyín sì ti ń pa dé lé e lẹ́yìn. Ó yíjú lẹ́ẹ̀kan wo ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Látúndé mi orí sí i. Ó fi gbogbo ara ti ọ̀kọ̀ náà wọ inú ohun pupa náà, ó sì ń yí i nínú ibẹ̀ bí ẹni ń rokà.

Ẹ̀jẹ̀ dúdú tú jáde, ó sì ta Abíọ́nà síta. Gbéémì kò ké. Ó ń tú ni, bí ògiri tí òjò ti ń lù láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn orí ń kú lọ láti ìpẹ̀kun oko wá sọ́dọ̀ wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wọn ń pa dé. Òmíràn rẹ́rìn-ín kí ó tó kú. Abíọ́nà rá kòrò dé ọ̀dọ̀ Látúndé, ó fi orí rẹ̀ sí àárín ọwọ́ méjèèjì. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ẹrẹ̀ ló kù nínú rẹ̀.

Òkè náà bẹ̀rẹ̀ sí ya. Omi tó ti wà lábẹ́ rí ọ̀nà, ó ń hó, àwọn ìdì koríko tí a tẹ̀ bọ̀ ń rì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo di ìhà mú, mo ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ mi méjì ni àwọn ohun wẹ́wẹ́ inú ebè yẹn ti jẹ lọ. Ibi tí a ti fẹ́ kọjá ti di adágún ẹrẹ̀, Atẹrẹ̀márì sì dúró síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́.

Ó ní, "Olóko ti kú, èmi ni mo jogún. Etí kan tó kù, àti méjèèjì ti obìnrin yìí, kí n tó gbé yín kọjá."

Mo ń rò ó. Ẹ má purọ́ pé ẹ̀yin kò ní rò ó. Ṣùgbọ́n Abíọ́nà, tí ẹ̀jẹ̀ bò láti orí dé ẹsẹ̀, kò rò ó rárá. Ó fa àdá yọ, ó ṣá ẹsẹ̀ kan, ó ṣá èkejì, bí ẹni ṣá ọparun létí odò. Atẹrẹ̀márì já lulẹ̀ pẹ̀lú ọrùn rẹ̀ gbogbo. Ó ń ké pé, "Ẹsẹ̀ mi! Ta ni yóò máa tẹ ẹrẹ̀ má rì mọ́?" Ẹrẹ̀ sì ń gbé e mì, ó mú un láti ìdí, ó mú un láti àyà, ó kún ẹnu tó jẹ etí mi. A tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lórí adágún náà, a sì rá kòrò lórí wọn kọjá bí ẹni gba afárá. Bí a ṣe fọwọ́ kan àpáta ni orí òkè wó sínú ara rẹ̀ lẹ́yìn wa.

Ìyá Látúndé, arúgbó tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ló jókòó sí ẹsẹ̀ òkè tó ń dúró dè wá. Àwọn obìnrin ìlú wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ti pọn omi sílẹ̀. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa, ó ka ẹni tó ń bọ̀, ó sì mọ iye tí kò pé. Àwọn obìnrin sáré gbé omi wá láti wẹ Abíọ́nà, nítorí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára títí tí kò fi ṣeé dá mọ̀. Ìyá àgbà na ọwọ́, ó dá wọn dúró.

Ó ní, "Ẹrẹ̀ ibẹ̀ nìyẹn?"

Abíọ́nà ní, "Òun ni, ìyá. Èyí tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi ni ó gbẹ̀yìn lára ọmọ yín."

Ìyá Látúndé ní kí wọ́n gbé ìkòkò tuntun wá. Ó fi èékánná ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ha ẹrẹ̀ náà kúrò lára ìyàwó ọmọ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láti iwájú orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò jẹ́ kí ekuru kan bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ha á tán, ó kó o sínú ìkòkò, ó fi aṣọ funfun di ẹnu rẹ̀, èmi àti àwọn ọdẹ gbé ìkòkò náà sórí, a yìnbọn sókè, a ṣípà, ètùtù òkú ọdẹ, fún un bí a ti ń ṣe fún akọni, a sì sin ín sí iyàrá rẹ̀. Kò ju ẹrù ọmọdé lọ. Mo ti gbé erin, mo ti gbé ẹfọ̀n, ẹ̀yin ènìyàn mi. N kò tíì gbé ohun tó wúwo tó o.

Ibi tí ẹnu mi mọ nìyẹn. Ẹ dìde, kí oníkálukú rọra tẹ ilẹ̀ lọ sílé rẹ̀.